Awò Awọ̀nàjíjìn ní Alímọ̀ṣọ́

Níwọ̀n bí ojú kì í ti í rí arẹwà kí ó má kì í, ẹni tí ó bá fẹ́ ra awò awọ̀nàjíjìn olójú méjì láti fi wo ẹyẹ ní Ìgándò, 8x42 ni kí ó mú, nítorí 8 ni iye ìgbà tí ó ń sọ nǹkan di ńlá, 42 sì ni ìbú ojú iwájú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní mìlímítà. Onígbà 10 a máa gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tí dánfó Ìkọ̀tún ti mì jìgìjìgì kí ó tó délé. Àṣá tí ń rá bàbà lókè ààtàn Solous kò ní bínú pé a ń wo òun. Lékeléke, ẹyẹ alálà tí kì í fọṣọ, kò ní pẹjọ́. Ṣùgbọ́n baálé ilé kejì, tí ó rí olúwarẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí awò kọjú sí fèrèsé rẹ̀, kò ní béèrè irú ẹyẹ tí ń bẹ níbẹ̀.