Wọ́n Sọ̀yà, Wọn Kò Gbẹ́rù

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ó jọ pé oko àáró ni wọ́n ti pa òwe yìí, níbi tí ẹni mẹ́wàá ti ń ro oko ẹnì kan lónìí, tí wọ́n á sì ro ti ẹlòmíràn lọ́la. Òwe náà ti kúrò lóko báyìí, ó ti wọ agbádá. Kò sí ìpàdé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ẹ máa dé tí ẹ ò ní bá a níbẹ̀. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé àwọn ọlọ́lá ti là á sí méjì: wọ́n mú àyà sísọ, wọ́n ní kí àgbẹ̀ máa gbé ẹrù lọ.

Ẹ jẹ́ ká gba Maiduguri, olú ìlú Borno, wò ó. Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, Borno nìkan ló bá orílẹ̀-èdè mẹ́ta pààlà: Niger, Chad àti Kamẹrúùnù. Bó bá jẹ́ pé ìpàdé ló ń sọni di olówó, àgbẹ̀ Borno ì bá ti máa fi garawa wọn owó. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1964, Nàìjíríà àti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí péjọ sí Fort-Lamy, ìlú tí à ń pè ní N'Djamena lónìí, wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Adágún Chad sílẹ̀. Nígbà náà, adágún náà fẹ̀ tó 25,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ìpínlẹ̀ Èkó mẹ́fà á sùn sínú rẹ̀, àyè á sì ṣẹ́ kù. Kí ogún ọdún ó tó lé díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà ti lọ. Ìgbìmọ̀ ní tirẹ̀ kò gbẹ. Orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Áfíríkà wọlé, Libya náà wọlé. Bí omi ṣe ń dín ni àga ń pọ̀ sí i.

Ní apá tiwa, wọ́n gbẹ́ odò ọwọ́ láti fa omi adágún yìí sí 67,000 hẹ́kítà ilẹ̀ ní gúúsù adágún, pé àlìkámà ni wọn yóò gbìn. Adágún fà sẹ́yìn, ó fi ẹnu odò ọwọ́ sílẹ̀ lórí iyanrìn. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, wọ́n tún péjọ sí Abuja, wọ́n sọ̀rọ̀ bí omi yóò ṣe ti Congo wá, wọ́n sì dá orúkọ owó: bílíọ̀nù 50 dọ́là. Omi Congo ṣì wà ní Congo.

Ọdún 1964 kan náà ni ọkọ̀ ojú irin wọ Maiduguri, tó wá kó ẹ̀pà àti òwú lọ sí etíkun. Ẹ rántí bọ́ọ̀dù tó ń ra irè oko láyé ìgbà náà. Bọ́ọ̀dù ló ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Bí ọjà òyìnbó bá gbówó ju bẹ́ẹ̀ lọ, bọ́ọ̀dù á fi èlé pamọ́, wọ́n á ní àgbẹ̀ ni àwọn ń bá tọ́jú rẹ̀ de ọdún tí ọjà bá kú. Ìjọba ẹkùn ń yá nínú owó náà, ó ń ná an. Nígbà tí wọ́n pa gbogbo bọ́ọ̀dù rẹ́ ní 1986, kò sẹ́ni tó pe àgbẹ̀ wá ka ìṣirò fún un.

Kí Yorùbá má tíì rẹ́rìn-ín o. Kòkó tiwa náà gba ọ̀nà yẹn kọjá. Òótọ́ ni pé a rí ilé ìwé ọ̀fẹ́ ní 1955, a sì rí Ilé Kòkó n'Íbàdàn, èyí tó sàn ju kí á má rí nǹkan kan lọ. Ṣùgbọ́n ta ló bi àgbẹ̀ léèrè? Nígbà tí ara wọn kò gbà á mọ́ ní 1968, àwọn àgbẹ̀ tó ń jẹ́ Àgbẹ̀kòyà fi ìjà dáhùn.

Kì í sì í ṣe pé Borno kò lẹ́nu nílé ìgbìmọ̀. Ọmọ Borno ni Zanna Bukar Dipcharima, aṣòfin tó di mínísítà ètò ìṣòwò àti ti ìrìnnà nígbà ìjọba Balewa. Ọmọ Borno ni Abubakar Kyari, sẹ́nétọ̀ Àríwá Borno tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà tí ìjọba kéde ní oṣù Keje ọdún 2024 pé fún 150 ọjọ́, àgbàdo, àlìkámà, ìrẹsì àti ẹ̀wà lè wọlé láìsan owó ibodè. Ebi ń pa ará ìlú, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba Nàìjíríà yìí náà ló ti ibodè ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, tó ní kí àgbẹ̀ lọ gbìn, ọjà ti di tirẹ̀.

Àgbẹ̀ gbìn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn ká àwọn tó ń kórè ìrẹsì mọ́ oko lẹ́bàá Zabarmari, nítòsí Maiduguri, wọ́n pa ó kéré tán ẹni 43. Àwọn tó ṣẹ́ kù padà sóko. Wọn kò lè ra ajílẹ̀ yúríà ní fàlàlà, torí pé àwọn apániláyà ń fi í ṣe bọ́ǹbù. Nígbà tó di 2025 tí owó oúnjẹ já wálẹ̀, àgbẹ̀ rí i pé iye tí àpò kan ń mú wá kò tó iye tí òun ná lé e lórí.

Ẹ wá wo aṣòfin wa bó bá dìde. N kò dárúkọ rẹ̀, torí àwọn tó jọ ọ́ pọ̀ jù. Ó tún fìlà ṣe, ó ní ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tó ta irè oko tí kò rówó gbà dun òun dọ́kàn. Ó ní kí ilé rọ ìjọba àpapọ̀. Ilé rọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìrọni báyìí kì í ṣe òfin, kò de ìjọba lọ́wọ́, àwọn tó wà níbẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù wá lọ. Ó wá ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ẹkùn ni oògùn rẹ̀.

Ẹkùn wo? Nínú àga 115 tó wà ní ilé aṣòfin ECOWAS l'Ábújà kí Niger tó jáde, 35 jẹ́ ti Nàìjíríà. Chad kò sí nínú ECOWAS. Kamẹrúùnù kò sí níbẹ̀. Niger jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Nínú àwọn tó bá Borno pààlà, kò ku ẹyọ kan.

Àwọn tó ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lóòótọ́ wà ní Gamboru, níbi tí afárá kan ti so wọ́n mọ́ Fotokol ti Kamẹrúùnù. Èdè Kanuri tí wọ́n ń sọ níhìn-ín ni wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún, náírà àti sẹ́fà sì ń wọ àpò kan náà. Alájàpá á gba yànmọ̀tí tàbí àlùbọ́sà lọ́wọ́ àgbẹ̀ láwìn, á tà á lódìkejì, á mú owó padà wá. Kò sí ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ohun tó ń ba àwìn yìí jẹ́ ni pé ẹnì kan l'Ábújà lè jí lówùúrọ̀ kó ti ibodè, bí wọ́n ṣe ti ti Niger lẹ́yìn ìdìtẹ̀-gbàjọba oṣù Keje ọdún 2023, tí wọn kò ṣí i títí di oṣù Kẹta ọdún 2024. Ọjà á rà, alájàpá á jẹ gbèsè, àgbẹ̀ á jókòó síbi tó wà. Owó oṣù ẹni tó ti ibodè kò ní pẹ́ ní ọjọ́ kan.

Bí àwọn aṣòfin bá tún wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín ní 2027, ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n pé ìpàdé mélòó ni wọ́n lọ. Ẹ bi wọ́n pé èló ni àgbẹ̀ àdúgbò wọn ta àpò kan, èló ló ná lé e, ọjọ́ wo ló sì gbowó. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé.