Làpálàpá Ojú Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí àwọn baba wa wí pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá, ẹni tí ewu ńlá ń bẹ lára rẹ̀, tí ó sì jókòó ti kékeré, ni wọ́n ń bá wí; wọn kò rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ aráyé yóò ní làpálàpá lásán, tí yóò sì fi gbogbo ogún baba rẹ̀ wá egbòogi ẹ̀tẹ̀ kiri.

Ẹ wo ọ̀gá olówó ìgbàlódé, nígbà tí bùráúsà rẹ̀, arìnrìn-àjò-má-gbẹ́sẹ̀, arí-gbogbo-ayé-láì-dìde-lórí-àga, bá yọ ojú mìíràn sí i, tí àbàwọ́n dúdú bo ohun tí ó ń kà, tí lẹ́tà sì rì sínú òkùnkùn. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò pariwo pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, pé àwọn ọ̀tá ilé ti rán nǹkan sí òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti san owó gọbọi fún oníṣòwò kan tí ó wo kọ̀ǹpútà náà fìrí, tí ó mi orí, tí ó sì ní àfi kí ó ra tuntun. Wọ́n gbé tuntun délé, ọ̀gá wa fi orúkọ rẹ̀ wọlé sínú bùráúsà, àbàwọ́n sì bá a débẹ̀, nítorí pé extension tí ó fi síbẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tí ń sọ ojú-ìwé di dúdú kí ojú má baà rẹ òǹkàwé, ti bá orúkọ náà wá.

Kì í ṣe extension nìkan ló ń dá irú àrà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2011 ni Firefox 4 àti Internet Explorer 9 dé, tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ àwòrán lé káàdì àwòrán lọ́wọ́ kí ó lè yá. Iṣẹ́ náà yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí dráífà, tí í ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn, bá ní àbùkù, ohun tí bùráúsà ní kí a fi funfun kùn lè di dúdú. Àwọn tó ṣe Firefox àti Chrome mọ èyí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní ìwé orúkọ àwọn dráífà tí wọn kì í gbé iṣẹ́ fún.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá tẹ Shift mọ́lẹ̀ nígbà tí Firefox ń ṣí yóò bá Troubleshoot Mode pàdé, níbi tí extension gbogbo ti ń sùn, tí káàdì àwòrán sì ń fọwọ́ lẹ́rán. Bí ojú bá mọ́ níbẹ̀, a ti mọ ẹ̀yìn ilé ẹni tí ẹjọ́ wà. Ẹni tí ó bá tẹ Ctrl, Shift àti R pọ̀ yóò rí ojú-ìwé náà gbà lọ́tun, láìlo èyí tí bùráúsà ti tọ́jú pamọ́. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí ọ̀gá wa ní sí irú ìwòsàn wọ̀nyí ni pé wọn kò ná an ní kọ́bọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ròyìn rẹ̀ lóde àríyá.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá pa extension náà níkẹyìn. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́ kedere, ọ̀gá wa sì pe oníṣòwò náà, ó kí i kú iṣẹ́, ó ní kí ó bá òun wá irú rẹ̀ méjì sí i fún ọ́fíìsì.