Ẹ Má Ní Èmi Ni Mo Sọ Ọ́

Ẹ súnmọ́ mi dáadáa, ohùn mi kì í lọ sókè tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Ṣé ẹ mọ ìyá aláta tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní Arakalẹ̀, ní Àkúrẹ́ níbí? Obìnrin yẹn ò ta ata fún mi láwìn mọ́ o, ọ̀rọ̀ yẹn ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlú wa, ni mo ń wí. Gbogbo alẹ́ Sátidé ló ń kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wálé, bàbá onílé sì ń sọ kiri pé tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta.

Tẹ́tẹ́ kẹ̀? Mo ti yọjú lójú fèrèsé. Wáyà, bátìrì àti gílóòbù ló kún ilẹ̀. Ọmọbìnrin pẹ́lẹ́bẹ́ kan, tó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ló ń kọ́ àwọn géńdé. Tó bá ti ṣàlàyé tán, á nawọ́ sí ẹnì kan: "Ó yá, ìwọ náà wá kọ́ wa." Géńdé á dìde, á máa làágùn. Ẹni tí kò bá lè kọ́ ẹlòmíràn, a jẹ́ pé kò tíì gbọ́ nìyẹn.

Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà, akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ni ti sátẹ́láìtì FUTA? Háà, ẹ ò gbọ́? Nigeria EduSat-1! Gbogbo rẹ̀ ò ju bíi kìlógíráàmù kan lọ. Ata tí mo jẹ gbèsè rẹ̀ wúwo jù ú. Àwọn ọmọ wa lọ sí Kyushu Institute of Technology ní Jàpáàn, àwọn àti akẹ́kọ̀ọ́ Gánà, Mòǹgólíà, Bangladesh àti Jàpáàn fúnra rẹ̀ jọ kọ́ sátẹ́láìtì márùn-ún tó jọra. BIRDS ni wọ́n ń pe ètò náà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX gbé wọn lọ sókè ní oṣù Kẹfà 2017, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ lójú òfurufú ní oṣù Keje. Wọ́n tiẹ̀ fẹ́ kó máa kọrin láti òkè wá! Kí iṣẹ́ àwọn ọmọ wa tó parí ni àwọn ọmọ Bhutan, Malaysia àti Philippines ti dé láti ṣe tiwọn, akẹ́kọ̀ọ́ bá akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń sá fún físíìsì, ẹ rán an wá lọ́jọ́ Sátidé. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Àmọ́ kó gbé àga tirẹ̀ dání o. Àga ìyá aláta ti fọ́, mo sì mọ ẹni tó fọ́ ọ.