Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Wà Lórí Bọ́ọ̀sì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù,

A rí iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí pé o wà “lórí bọ́ọ̀sì”, àti pé o máa dé “lórí Sátidé”. Bàbá àgbà ní kí n bi ọ́: ta ló lé ọ gun òrùlé ọkọ̀ nínú òtútù yẹn, ṣé kò sí àyè nínú ni? Ẹṣin là ń gùn níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, pàápàá ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí ìdílé àwọn Balógun bá ń yan lọ síwájú ààfin Awùjalẹ̀ fún Ojúde Ọba. Ọkọ̀, wíwọ̀ là ń wọ̀ ọ́. Sátidé náà ò sì lórí tí ẹnikẹ́ni lè dé sí.

O wáá ní “ní” kan ṣoṣo la fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ọ̀rọ̀ atọ́kùn, pé èdè wa tálákà. Hẹn-ẹn! “Ní” kì í sọ ju pé nǹkan wà níbì kan. Ara ènìyàn ló ń júwe ibẹ̀: orí, inú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́. Wo ìkòkò tó wà níwájú mi báyìí: ìkòkorẹ́ ń hó nínú rẹ̀, ọmọrí wà lórí rẹ̀, iná wà lábẹ́ rẹ̀, ológbò lúgọ sẹ́yìn rẹ̀, ó ń ṣọ́ ẹja. Kí ló kù tí a ò tíì sọ?

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń ṣe ìyókù. “Mo gé iṣu pẹ̀lú ọ̀bẹ” tí o kọ lọ́jọ́sí, ṣe ni a rò pé ìwọ àti ọ̀bẹ jọ pawọ́ pọ̀ gé e. Fi ọ̀bẹ gé e, jàre. Láti ìwé gírámà Ayọ̀ Bámgbóṣé ní 1966 títí dé ti Ọládélé Awóbùlúyì ní 1978, àwọn àgbà ò yéé jiyàn lórí èyí tó jẹ́ atọ́kùn àti èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nínú àwọn ọ̀rọ̀ bíi “fi” yìí. Ìwọ ti dá ẹjọ́ tìrẹ tán.

Haúsá náà ń lo ara: “kai” ni orí, “kan tebur” sì ni orí tábìlì. Àwọn Ewé ní Tógò á kọ́kọ́ dárúkọ ilé, “xɔ”, kí “me”, ìyẹn inú, tó tẹ̀lé e. Ará Fínlándì kò tilẹ̀ ya “nínú” sọ́tọ̀: “talo” ni ilé, “talossa” ni nínú ilé.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ gan-an ló lẹ́jọ́ í rò. Kí ló dé tó fi jẹ́ “on” ni ti bọ́ọ̀sì, tí “in” jẹ́ ti ayọ́kẹ́lẹ́? Àwọn méjèèjì ló ní òrùlé, àwọn méjèèjì ló ní ìjókòó. Bi tíṣà rẹ kí o tó wọ bàálù, Bàbá àgbà ń dúró de èsì.

Àǹtí rẹ,
Ìjẹ̀bú-Òde