Ẹ Gbọ́ Ohun Tí Ìyá Wa Lọ Wò ní Peckham

Ẹ sún mọ́ ibí díẹ̀, kí àwọn onímárúwá má baà gbọ́. Ta ni kò mọ ìyá tí mò ń wí ní Command l’Ékòó yìí? Ìyá tó jẹ́ pé bí ọmọdébìnrin bá wọ ṣòkòtò péńpé kọjá ní bọ́sítọ́ọ̀pù, á pariwo “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” débi pé kọ́ńdọ́ tó ń pe Ìyànà Ìpájà á dákẹ́. Òun náà ni. Ní ọdún 2006, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ wíwẹ̀ la gbọ́, a ò gbọ́ sinimá.

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi rò ó nígbà tó dé. Oṣù kọkànlá ni. Àna rẹ̀ ní kí àwọn mú màmá jáde lọ ṣe fàájì, ni wọ́n bá gbé e lọ sí sinimá kan ní Peckham. Màmá wé gèlè lọ. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní kí ó jọ̀ọ́ tú u, òun ò rí nǹkan.

Borat ni wọ́n ń pe fíìmù ọ̀hún. Sacha Baron Cohen, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe bí akọ̀ròyìn láti Kazakhstan, ó ń kiri Amẹ́ríkà, ó ń fi àwọn tí kò mọ̀ pé eré ni ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, òun àti ọkùnrin kan tó sanra bí àgbá bọ́ra sílẹ̀ goloto, wọ́n ń wọ̀yá ìjà ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n wọ lífítì, wọ́n já wọ gbọ̀ngàn tí àwọn èèyàn jẹ́jẹ́ jókòó sí. Màmá ní òun fi gèlè bojú.

“Ẹ bojú, ẹ ṣe wá mọ̀ pé wọ́n wọ lífítì?”

Ó ní kí n lọ fi ẹnu mi jẹun.

Ẹ wá gbọ́, 15 ni wọ́n kọ sí fíìmù náà lára ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Rọ́ṣíà kò tiẹ̀ gbà kó wọ sinimá tiwọn.

Ìhòòhò yẹn kọ́ ló dùn mí jù ṣá. Abúlé tí wọ́n ní wọ́n ti bí Borat nínú fíìmù náà, Glod ni, ní Romania. Àwọn tálákà ibẹ̀ ní wọ́n sọ fún àwọn pé ìgbé ayé àwọn ni wọ́n fẹ́ yà, wọ́n sì fún àwọn ní owó táṣẹ́rẹ́. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí apá rẹ̀ ti gé. Wọ́n so nǹkan mọ́ kùkùté apá náà. Ẹ má bi mí ohun tí wọ́n so. Bàbá fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n! Àwọn ará abúlé náà pẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Fíìmù náà sì pa ju 260 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Háà!

Bàbá Sàlá aláwàdà wa náà pa wá lẹ́rìn-ín, àbí kò pa wá? Nínú fíìmù Ọ̀run Móoru, ní 1982, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n lù ní jìbìtì, òun ni òpè. Kò lọ mú arọ aládùúgbò ṣe ẹlẹ́yà.

Àwọn Kazakhstan tó kọ́kọ́ fárígá ńkọ́? Ní 2020, ọ̀rọ̀ tí Borat máa ń sọ náà, “Very nice”, ni wọ́n fi ń pe àlejò wá sí ìlú wọn. Owó!

Oṣù kẹwàá ọdún 2020 yẹn kan náà ni apá kejì jáde, ní ọ̀sẹ̀ tí kónílé-ó-gbélé ìwọ́de EndSARS sé gbogbo Èkó mọ́lé. Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ tọrọ iyọ̀ lọ́dọ̀ màmá, mo gbọ́ ẹ̀rín kèékèé. Mo yọjú ní wíńdò: màmá gbé fóònù ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí iwájú imú, omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí gèlè lórí.

Ó rí mi. “Ìwọ, má dúró síta. Wọlé, kí o ti ilẹ̀kùn.”

Mo bá tì í.