Ìwé Wọn Kò Sọ̀rọ̀ Ìkúnlẹ̀

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: mo lọ gé awọ ikùn mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, mo sanra, mo sì tún wá rù. Ọ̀rá lọ, awọ kò bá a lọ. Ó ń fì níwájú mi bí àpò gààrí tí wọ́n ti ta gààrí inú rẹ̀ tán. Àwọn tó ní kí n máa sáré, mo sáré. Ọ̀rá ni eré ń yọ, kì í yọ awọ. Dókítà ní awọ dà bí rọ́bà ìdí ṣòkòtò: tó bá ti fẹ̀ jù, kì í fà padà mọ́. Ẹ̀rọ tó ń fi ooru mú awọ ojú àti ọrùn le wà lóòótọ́, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ló sì máa ń gbà kí èrè rẹ̀ tó hàn, ṣùgbọ́n tèmi ti kọjá ti ẹ̀rọ. Ọ̀bẹ ló kù.

Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n máa lọ ilé, wọ́n fún mi níwèé. Òyìnbó mọ̀wé kọ. Kí n wọ gírídù tọ̀sán-tòru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí n ki ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún sùn, kí ẹ̀yìn mi sì ga, kí ibi tí wọ́n rán má bàa fà. Kí n máa tẹ̀ rìn ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, bí ẹni tó ń wá owó ẹyọ tó já bọ́. Rọ́bà méjì wà ní ìbàdí mi tó ń fa omi ẹ̀jẹ̀ sínú ike. Ìgbà tí ti ọjọ́ kan kò bá tó 30 milílítà mọ́ ni wọn ó tó yọ ọ́. N ò gbọdọ̀ wọ bààlúù fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó lè dì nínú ẹsẹ̀. N ò gbọdọ̀ gbé ohun tó bá wúwo ju kẹ́tùrù omi lọ. Ohun tí ìwé náà kò sọ ni ẹni tó máa gbé ìyókù.

Torí èmi nìkan ni mo wà nílé. Àwọn ọmọ mi ti lọ síbi iṣẹ́ wọn, wọ́n ń pè mí lórí fídíò, wọ́n ń sọ pé ojú mi ń dán. Aládùúgbò mi, ọdún kẹsàn-án rèé tá a jọ ń gbé, rí mi níbi tí mo ti ń tẹ̀ lọ da ilẹ̀ nù bí arúgbó. Ó ní ṣé kò sí o? Mo ní kò sí. Ó ti ilẹ̀kùn. Níbi iṣẹ́, mo ní iṣẹ́ abẹ ni mo lọ ṣe, ọ̀gá mi ò sì bi mí pé èwo. Nọ́ọ̀sì pè mí ní ọjọ́ kẹta. Ó ní láti oódo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora mi? Mo ní mẹ́rin. Ẹ bá mi wò ó, mélòó ni "yéè, ìyá mi o"?

Kí n má purọ́, mo gbádùn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wà ní bòńkẹ́lẹ́. Àfi bí ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi ní Ìbàdàn ṣe bọ́ sí ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà.

Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ tó fún dé orúnkún nínú bààlúù. Èkó sí Ìbàdàn, reluwé ni mo wọ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021, torí pé àwọn gegele ojú títì kò mọ̀ pé wọ́n rán mi nínú. Mónìyà ni mo sọ̀, wọ́n fi mọ́tò gbé mi wá sí Bódìjà, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Bódìjà. Mo ṣílẹ̀kùn pálọ̀ báyìí, àgbàlagbà mọ́kànlá ló jókòó.

Mo kúnlẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ìwé tí wọ́n fún mi sọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà, ó sọ̀rọ̀ ajá tó lè fò mọ́ni, kò dárúkọ ìkúnlẹ̀ níbì kankan. Lílọ sílẹ̀ kò le. Dídìde ni n ò rí ṣe: gírídù ká sókè, ó há mi lábẹ́ ìhà, ikùn mi ní òun ò bá mi dé ibi tí mò ń lọ. Mo bá dúró síbẹ̀. Bàbá kan ní, "Ẹ ò rí ọmọ tí wọ́n kọ́! Ogún ọdún nílùú òyìnbó, ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ò yára!" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n fi ọmọ ṣe é, wọ́n fi owó ṣe é, wọ́n ní n ò ní kú sájò. Mò ń fi eyín rírun ṣe àmín. Ẹni kẹjọ ló ń ṣàdúrà lọ nígbà tí Mọ́mì rí i pé omi tó wà lójú mi kì í ṣe ti ayọ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, kí ló ṣe ọ́ níkùn?"

"Iṣẹ́ abẹ ni, mà."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ abẹ mi ti di fáíbírọ́ìdì ní Àgbówó, ó ti di àpẹ́ńdíìsì ní Challenge, ẹnì kan sì pè láti Ring Road pé ẹ kú ewu ọmọ, ṣé ìbejì ni? Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ata ẹja àrọ̀ dé, ẹyin sísè dé, ìgbín dé. Ara tó ń jinná nílò irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ìwé mi náà wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé ẹja wá ní Bódìjà láìgbé àmàlà tẹ̀ lé e? Pẹ̀lú gbẹ̀gìrì. Pẹ̀lú ewédú. Èmi tí mo sanwó kí wọ́n gé àpò, mo tún ń rọ gààrí sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mọ́mì gbé báàfù omi gbígbóná àti tọ́wẹ́ẹ̀lì wọlé. Ó fẹ́ jó ikùn mi bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìyá ìkókó. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ibẹ̀ ti kú. Wọ́n gé iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára wá láti ibẹ̀. Ó ń tó oṣù mélòó kan kó tó padà, omi lè bó mi láìjẹ́ pé mo mọ̀. Mọ́mì ò gbà. Mo ní kó já mi léèékánná nísàlẹ̀ ìdodo. Ó rọra já a. Mo ń wo ojú rẹ̀. Ó tún já a, ó fi agbára sí i. Nígbà tó rí i pé n kò ṣẹ́jú, ó fa ọwọ́ padà bí ẹni tó fọwọ́ kan ààrò, ó ní "Jésù!", ó sì gbé omi jáde.

Ó wá lọ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìn tì ní ilé ìwòsàn UCH. Ìyá yẹn ò béèrè pé mélòó ni ìrora mi. Kó tó jókòó, ó ti tẹ ẹ̀yìn ojúgun mi méjèèjì bóyá ó wú, bóyá ó gbóná. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló ń wá. Ó ka ìwé mi látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ohun tá à ń fẹnu sọ fún wọn náà nìyí. Èébú ni wọn ò kọ sí i." Ó wá fi èébú náà kún un: kí ló gbé mi wọ bààlúù, ta ló ní kí n máa kúnlẹ̀? Láti ọjọ́ náà, tí àgbàlagbà bá wọlé, Mọ́mì á ti pariwo pé, "Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ kí yín, dókítà ló ní bẹ́ẹ̀!"

Àpá ló ń ba Mọ́mì lẹ́rù jù. Ó sì jàre. Awọ tiwa máa ń yọ àpá tó ń wú kọjá ojú egbò ju ti òyìnbó lọ. Alibert, dókítà ará Faransé, ló sọ ọ́ ní kílọ́ìdì ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, torí ó dà bí ẹsẹ̀ akàn lójú rẹ̀. Àwọn tiwa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ní 1973, dókítà kan tó ń jẹ́ Omo-Dare kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lórí ohun tí Yorùbá mọ̀ nípa rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù fún mi ní sílíkóònù pẹlẹbẹ kan tí mò ń lẹ̀ mọ́ àpá náà, tí mo lè fọ̀, kí n sá, kí n tún lẹ̀. Mo sá a sórí okùn ní ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà tí mo padà dé, ọmọ kan nínú ilé ti gé e, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù rẹ̀ kó má bàa yọ́ bọ́. Mọ́mì ní kí n lọ fi òrí para.

Iná lọ fún ọjọ́ méjì. Gírídù kan ṣoṣo, nínú ooru yẹn, ó dìde dúró fúnra rẹ̀. Mo wọ mọ́tò lọ Dùgbẹ̀. Obìnrin kan fi gírídù kọ́ kálẹ̀ yí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ká, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó mọ sáìsì mi láì wọ̀n mí.

"Ẹ kú ewu, màmá. Ọmọ ti tó oṣù mélòó?"

Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí. Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ márùn-ún." Irọ́ kọ́, iye ọjọ́ tí egbò mi ti dáyé nìyẹn.

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

N ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ní obìnrin.

Ó patẹ́wọ́, ó ní Ọlọ́run á wò ó, ó yọ ẹgbẹ̀rún náírà kúrò lórí ọjà láìjẹ́ pé mo ná an. Ó wá wá inú àpótí kan lábẹ́ tábìlì, ó mú ìbọ̀sẹ̀ ìkókó kan jáde, pupa, kò tó àtàǹpàkò mi méjì. Ó ní kí n fi bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, kí òtútù má mú un. Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún un. Mo kúnlẹ̀ ni. Òun àti oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló gbé mi dìde.

Ìbọ̀sẹ̀ náà wà lórí fíríìjì mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ojú ni mo gbé e sí. Oṣù kẹrin rèé. Aládùúgbò ti wá yá ṣúgà, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi gbígbóná ṣe ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Kò tíì sí ẹni tó bi mí pé ọmọ ta ló ni ín.