Ẹṣin Iwájú Kò Sáré ní Ìkọ̀tún

Lẹ́tà mẹ́ta péré ni: X, R, S, àmì Toyota Matrix tó jẹ́ eléré. Èèyàn lè rà wọ́n lọ́tọ̀, kó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ ìdí Toyota Matrix tòkunbọ̀ tí ilé-iṣẹ́ kò ṣe ní XRS rárá, kí ọkọ̀ tó jẹ́ ẹrù ni wọ́n ń fi í kó lánàá sì di ọkọ̀ eléré kó tó dé Ègbédá. Ẹni tí kò fẹ́ ti ayédèrú yóò wá ojúlówó kiri, yóò sì fowó lé owó nítorí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, pé ìṣe ẹni tó ṣáájú ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń kọ́. Ṣùgbọ́n ní ráńdábáòtù Ìkọ̀tún l'Ékòó, dánfó tó dúró já èrò sí àárín títì ni ẹṣin iwájú, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń wá ojú ibi tí yóò gbà ló tẹ̀ lé e. Kí ni tẹ̀yìn fẹ́ wò tí yóò fi sáré?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Matrix ọdún 2003, tí Toyota ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà àti Kánádà, ní ẹ́ńjìnnì 1.8 lítà, yálà XRS ni tàbí gbáàtúù. Agbára ti gbáàtúù jẹ́ ẹṣin 130, ti XRS jẹ́ 180. Ẹṣin 50 yìí ni gbogbo ariwo náà dá lé. Àwọn ẹṣin ọ̀hún kì í sì í jí àfi bí ẹ́ńjìnnì bá yí tó ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkọ̀tún sí Ìgándò, ta ló fẹ́ yí ẹ́ńjìnnì débẹ̀? Oorun ni wọ́n ń sùn, olówó wọn ló ń bọ́ wọn. Oúnjẹ wọn náà kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù: epo olówó gọbọi ni Toyota ní kí wọ́n máa mu, bẹ́ẹ̀ irú epo kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ilé epo wa ń tà, lítà rẹ̀ tí kò tó ₦200 kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ kúrò lóṣù Karùn-ún ọdún 2023 sì ti kan ₦1,000 lóṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ọ̀pọ̀ XRS tún ní jíà mẹ́fà tí à ń fọwọ́ yí. Awakọ̀ yóò máa lo jíà kìíní àti ìkejì títí dé Ìyànà-Ìpájà, mẹ́rin yòókù á máa wò ó. Táyà pẹlẹbẹ tó wà fún ẹwà kò sì ní kí kòtò ṣàánú ríìmù.

Ohun tí Matrix fi dára gan-an kò sí nínú lẹ́tà mẹ́ta yẹn. Àga ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé dà pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn àga náà le, kò gba ìdọ̀tí sára, àpò ìrẹsì àti apẹ̀rẹ̀ tòmátì yóò sì jókòó síbẹ̀ láìbínú. Gbáàtúù ní èyí bí XRS ṣe ní in. Pontiac Vibe tó jẹ́ ìbejì rẹ̀ náà ní in, ẹ́ńjìnnì Toyota kan náà ló sì wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè tí oníbàárà ń kọ́kọ́ bi alágbàtà ni pé, "Ṣé fúl ọ́púṣọ̀n ni?" Kò bèèrè ṣọ́kù, kò bèèrè jíà, kò wo bóyá ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Kò tilẹ̀ wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníhóró 17 tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, èyí tí gọ́ọ̀mù kò lè bá jiyàn.

Ẹnìkan yóò ní búréèkì XRS dára jù, nítorí ó ní dísìkì ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lára ọkọ̀ tó ti lé lógún ọdún, ẹni tó tọ́jú búréèkì ló ni búréèkì. Òmíràn yóò ní òun máa ń gba márosẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Kìlómítà 100 ní wákàtí kan ni òfin gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láàyè dé níbẹ̀, 50 láàárín ìlú, ẹṣin 130 yóò sì sá a láìlàágùn. Ó wá ku ẹni tó sọ òdodo: ó kàn wù ú ni. Èyí ni kò ṣeé bínú sí. Ọ̀dọ́ tó forí ṣe fọrùn ṣe kó tó ra mọ́tò àkọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí kó dán díẹ̀. Ohun tó ń dùn wá ni pé XRS ẹlòmíràn ló rí tó fi wù ú, ẹni yẹn náà rí ti ẹlòmíràn ni, gbogbo wọn sì jọ tò sẹ́yìn dánfó kan náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra mọ́tò, ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, ẹ ra gbáàtúù tí ara rẹ̀ le, kí ẹ sì fi owó tó bá ṣẹ́ kù pààrọ̀ ṣọ́kù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣọ́kù lẹ máa lò lójoojúmọ́.